Èsì: Ṣé ẹṣin tó ń ṣubú nínú fíìmù máa ń fara pa lóòótọ́?
Ẹ̀gbọ́n, láyé àtijọ́, ó máa ń fara pa gan-an o! Wáyà ni wọ́n máa ń so mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ níwájú, tó bá ti ń sáré wáyà yẹn á fà á lulẹ̀, ọ̀pọ̀ ló kú bẹ́ẹ̀, ó máa ń dùn mí. Ẹṣin kan tiẹ̀ já bọ́ látorí òkè sínú omi nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù Jesse James (1939), ó kú, ìbínú aráàlú ló jẹ́ kí American Humane, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹranko ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ àwọn tó ń ya fíìmù ní Hollywood ní 1940. Báyìí wọ́n ti ń kọ́ ẹṣin láti ṣubú sórí ilẹ̀ rírọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù ni wọ́n sábà ń ṣọ́ o, ibi tí ẹranko yẹn ń sùn ńkọ́?