Ṣé Ọmọ Bakitéríà Ni Wá? Ìdáhùn fún Olùkọ́ Bàólọ́jì Kan ní Àkúrẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọmọ SS1 ni mò ń kọ́ ní bàólọ́jì níbí ní Àkúrẹ́. Ìwé tí à ń lò pín sẹ́ẹ̀lì sí oríṣi méjì, èyí tí kò ní núkílíọ́ọ̀sì (àpò tí sẹ́ẹ̀lì ń kó DNA rẹ̀ sí) àti èyí tó ní, ó sì ka archaea, irú kòkòrò àìfojúrí kan, mọ́ bakitéríà. Ọmọ kan wá nawọ́ sókè, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ọmọ bakitéríà ni wá ni?” Kí ni kí n sọ fún un, kí sì ni kí n yà sójú pátákó?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ wa, mà. Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn, ìbéèrè rẹ̀ jinlẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ìlà àwọn archaea ni sẹ́ẹ̀lì wa ti ṣẹ̀, àmọ́ bakitéríà kan wọlé wá bá a gbé, kò sì jáde mọ́ títí dòní.

Ẹ kọ́kọ́ ya archaea sọ́tọ̀ kúrò lára bakitéríà. Lójú máíkíróskóòpù wọ́n jọra: wọ́n kéré, wọn ò sì ní núkílíọ́ọ̀sì. Ìrísí yẹn ló ń tan àwọn onímọ̀ jẹ títí di ọdún 1977, nígbà tí Carl Woese àti George Fox ní Amẹ́ríkà fi RNA inú ráíbósómù (ẹ̀rọ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe purotéènì) ti oríṣiríṣi kòkòrò àìfojúrí wéra, tí wọ́n rí i pé àwọn tó ń ṣe gáàsì mítéènì jìnnà sí bakitéríà tó bẹ́ẹ̀ tó fi yẹ kí wọ́n dá dúró. Àwọn ọmọ sábà máa ń rò pé inú omi tó ń hó nìkan ni archaea ń gbé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n wà nínú ikùn màlúù, wọ́n wà nínú ìfun èèyàn. Níbi tí omi odò Àlà bá ti rọra dúró, tí ẹ ki igi bọ ẹrẹ̀ dúdú ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìhó tó máa ń ru sókè yẹn, mítéènì sábà máa ń wà nínú rẹ̀, archaea ló sì ń ṣe é.

Báwo la ṣe mọ̀ pé ẹbí wa ni wọ́n? Ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì wa ń gbà ṣe ẹ̀dà DNA rẹ̀, àti ọ̀nà tó ń gbà kà á láti fi ṣe purotéènì, ti archaea ló jọ. Ṣùgbọ́n ẹ yà sí máítókọ́ńdíríà, ẹ̀yà inú sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè agbára fún un, ẹ ó rí i pé àlejò nìyẹn: ó ní DNA tirẹ̀ tó rí roboto bíi ti bakitéríà, ráíbósómù rẹ̀ náà sì wá láti ìlà bakitéríà. Nínú ti èèyàn, jíìnì 37 péré ló ṣẹ́ kù sínú DNA rẹ̀. Púpọ̀ nínú èyí tó gbé wá ti sọnù tàbí kó ti ṣí lọ sínú núkílíọ́ọ̀sì. Lynn Margulis, onímọ̀ bàólọ́jì ará Amẹ́ríkà, ló tẹnu mọ́ ọn lọ́dún 1967 pé bakitéríà ni máítókọ́ńdíríà tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ò kọ́kọ́ gbà fún un.

Ní 2015, àwọn onímọ̀ kan láti Uppsala ní Sweden yẹ DNA inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun wò, nítòsí ibi tí omi gbígbóná ti ń tú jáde láàárín Greenland àti Norway, tí wọ́n ń pè ní Loki's Castle. Wọ́n bá archaea kan pàdé níbẹ̀ tó ní àwọn jíìnì tí a ti rò pé sẹ́ẹ̀lì oní-núkílíọ́ọ̀sì nìkan ló ni ín, bíi àwọn tó ń tọ́ka sí áktìn, ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń na ara rẹ̀. DNA rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí o, ẹnikẹ́ni ò tíì fojú kan sẹ́ẹ̀lì náà nígbà yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n rí àwọn ẹbí rẹ̀, tí gbogbo wọn wá ń jẹ́ Asgard.

Iṣẹ́ àwọn ará Japan ló wú mi lórí jù. Ní 2006 wọ́n bu ẹrẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òkun, níbi tó jìn ju mítà 2,500 lọ. Wọ́n kó o sínú ẹ̀rọ tí fóòmù wà nínú rẹ̀, wọ́n ń fi mítéènì bọ́ ọ lọ́dún dé ọdún. Ọdún 12 gbáko ni gbogbo iṣẹ́ náà gbà kí wọ́n tó lè tọ́ Asgard kan dàgbà. Bakitéríà E. coli lè di méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú. Èyí ń gba ọjọ́ 14 sí 25. Kò lè dá gbé, àfi kí kòkòrò mìíràn tó máa gba háídírójìn tó ń tú jáde wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá fi máíkíróskóòpù alágbára wò ó, wọ́n rí sẹ́ẹ̀lì bíńtín tó na apá gígùn jáde, àwọn apá náà sì pẹ̀ka. Nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2020, wọ́n dábàá pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú apá bẹ́ẹ̀ ló yí bakitéríà tó ń lo ọ́síjìn ká láyé àtijọ́, tó sì gbé e mì láìdà á.

Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé Asgard tó wà láyé lónìí kì í ṣe baba ńlá wa, ẹbí ni. Ìdàpọ̀ náà ti lé ní bílíọ̀nù ọdún kan ààbọ̀. Bí wọ́n bá ń jiyàn pé èwo gan-an ló ni wá, ẹ sọ fún wọn pé agbo ilé baba àti agbo ilé ìyá là ń sọ yìí, a kì í sì í fọwọ́ òsì júwe ọ̀kankan nínú wọn.

Lójú pátákó, ẹ ya ìtí igi kan tó pín sí méjì: bakitéríà lápá kan, archaea lápá kejì. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka wa yọ láti àárín archaea, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Asgard, kó má ṣe dá yọ láti ìsàlẹ̀. Ẹ wá fa ọfà kan láti ẹ̀gbẹ́ bakitéríà wá sórí ẹ̀ka wa, kí ẹ kọ máítókọ́ńdíríà sí i. Ọfà kejì á lọ sọ́dọ̀ àwọn ewéko, torí pé bakitéríà mìíràn ló di kílóróplásítì wọn, ẹ̀yà tí wọ́n fi ń lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ.

Ọmọ tó bá láròjinlẹ̀ lè bi yín nípa awọ ara sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀rá tó wà nínú awọ sẹ́ẹ̀lì wa, ti bakitéríà ló jọ, kò jọ ti archaea. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ṣì wà, ẹ má fi pa mọ́ fún wọn.

Ní ti ìdánwò, tí wọ́n bá ní kí wọ́n to àwọn kingdom, kí wọ́n kọ Monera, agbo tó kó bakitéríà àti archaea pọ̀, bí ìwé yín ṣe kọ ọ́. Tí wọ́n bá dé yunifásítì, wọ́n á bá domain (ìpín tó tóbi jù kingdom lọ) mẹ́ta pàdé, bakitéríà, archaea àti àwa oní-núkílíọ́ọ̀sì, àwọn olùkọ́ kan níbẹ̀ á sì sọ pé méjì péré ni, torí pé inú ti archaea ni tiwa wà.