Ṣé "ẹni a bá lábà ni baba" sọ orúkọ olórúkọ di ti ẹni tó kọ́kọ́ gbà á?

Ìbéèrè: Ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè l'Ọ́jà Òjé, n'Ìbàdàn, ló béèrè. Orúkọ ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ló fi sọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì ti wà lára sáìnbọ́ọ̀dù láti ọdún 2009. Ọmọkùnrin kan tó máa ń bá a gbé àwòrán aṣọ sórí Facebook ló lọ gba orúkọ náà, ó fi .com sí i nídìí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí tirẹ̀. Nígbà tí ìyá fẹ́ ṣí ìkànnì, ọmọ náà ní kí wọ́n mú 400,000 náírà wá. Ìyá fìbínú bi í léèrè pé kí ló dé, ó dáhùn pé, "Màmá, ẹni a bá lábà ni baba o." Ìyá fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí òwe náà ń sọ nìyẹn, àti pé ṣé olè ni gbogbo àwọn tó ń ra orúkọ ìkànnì pamọ́ láti tà.

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà, Ìyá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bá ọmọ yẹn wí ná. Ọmọdé kì í pa òwe lójú àgbà láìtọrọ gáfárà. "Tótó, ó ṣe bí òwe o" ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ̀yin náà sì dá a lóhùn pé yóò pa òmíràn. Ó fo ìyẹn, ó sì tún fi òwe náà béèrè owó.

Abà ni ibùdó tí àgbẹ̀ tẹ̀ dó sóko, níbi tó ń sùn nígbà tí iṣẹ́ oko bá wọra. Kò yẹ kí ọmọ Ìbàdàn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ilé méjì làwọn baba wa ń ní: agboolé nígboro, abà lóko. Ọ̀pọ̀ àdúgbò tí ìlú ti nà dé lónìí ṣì ń jẹ́ Abà èyí, Abà tọ̀hún.

Bí àlejò bá dé abà nírọ̀lẹ́, kò mọ ẹni tó tẹ ibẹ̀ dó. Ẹni tó bá nídìí iná, tó ń yí iṣu lórí ẹyín, ni yóò dọ̀bálẹ̀ fún, òun náà ni yóò tọrọ ibùsùn lọ́wọ́ rẹ̀. Onítọ̀hún lè jẹ́ ọmọ onílẹ̀, ó sì lè jẹ́ alágbàṣe tó wá gba iṣẹ́ ebè. Àlejò kò ní máa tú ìtàn ìran rẹ̀ wò kó tó kí i. Ohun tí òwe náà ń kọ́ni nìyẹn: bọ̀wọ̀ fún ẹni tí o bá nílẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló ni òwe náà, òun ló fi ń ki ara rẹ̀ nílọ̀. Èmi ò tíì gbọ́ baba tó jókòó sí abà tó ń jágbe mọ́ àlejò pé "èmi lo bá, èmi ni baba". Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ara fu ú pé ẹni tó ni abà ń bọ̀.

Bí ọ̀ràn ilẹ̀ bá délẹ̀, àwọn àgbà kì í fi òwe yìí dájọ́. Wọ́n á béèrè pé ta ló kọ́kọ́ ṣán igbó ibẹ̀, wọ́n á sì béèrè bí ìwọ tó wà níbẹ̀ ṣe débẹ̀. Ibẹ̀ ni ìṣákọ́lẹ̀ ti wọlé. Ẹni tí onílẹ̀ fún lóko á máa gbé nǹkan wá lọ́dọọdún, ìbáà jẹ́ iṣu, ìbáà jẹ́ epo tàbí owó kòkó. Bí ohun tó gbé wá ṣe pọ̀ tó kọ́ ló ṣe kókó bí kò ṣe pé ó ń jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ lólúwa. Ó lè gbé ibẹ̀ títí ọmọ-ọmọ rẹ̀ á fi gbó síbẹ̀. Ohun tó tètè ń lé e kúrò ni kó sẹ́ onílẹ̀, kó ní ti bàbá òun ni, tàbí kó tà á lẹ́yìn onílẹ̀. Ilé ẹjọ́ ìjọba náà gba òfin yẹn wọlé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ti pàdánù oko nítorí ẹnu ara wọn.

(Kí àwa ọmọ Ìbàdàn má sì fi òwe yìí yangàn jù. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ wá dó síbí ní nǹkan bí ọdún 1829, àwọn Ẹ̀gbá ló nibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ bi Ẹ̀gbá léèrè bóyá ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní baba.)

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo orúkọ ìkànnì. Àwọn aṣojú tó ń tà á kì í béèrè ìran ẹni. Ẹ ó tẹ orúkọ tó wù yín sójú ìwé wọn; bí ẹlòmíràn kò bá tíì gbà á, wọ́n á ní ó wà nílẹ̀, ẹ ó sanwó, ó di tiyín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń fún. Bó ṣe rí fún .com nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún .ng tí àjọ NiRA ń bójú tó ní Nàìjíríà. Níbẹ̀ lọmọ yẹn ti rí òwe rẹ̀ mú, kò sì purọ́ tán.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kọ́ ló rà, ìṣákọ́lẹ̀ ló san. Ọdọọdún ni owó orúkọ ìkànnì ń wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ lè san ti ọdún mẹ́wàá pọ̀ fún .com, kò sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún tí kò bá san mọ́, orúkọ náà á padà síta fún ẹni tó bá fẹ́. Àdéhùn kan sì tún wà nínú ìwé tó tẹ "mo gbà" sí láìkà á: pé bí ẹnìkan bá fi hàn pé òun ló lẹ́tọ̀ọ́ sí orúkọ náà, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ béèrè bóyá olè ni gbogbo wọn. Rárá o. Òwò gidi wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè ní òun ló bí ọ̀rọ̀ bíi "voice" tàbí "business". Wọ́n ta business.com ní mílíọ̀nù 7.5 dọ́là ní 1999. Ní 2019, ilé iṣẹ́ MicroStrategy ta voice.com tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní mílíọ̀nù 30 dọ́là. Kò sí ẹni tí wọ́n jà lólè níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ gbogbo ayé ni, wọ́n tètè rí i, wọ́n ń san owó ọdún rẹ̀, ẹni tó nílò rẹ̀ sì wá rà á. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé orúkọ tí olówó rẹ̀ ti pa tì ni wọ́n ń ṣà.

Ohun tó bà wọ́n lórúkọ jẹ́ ni pé lójú ẹni tó ń wá orúkọ, oníṣòwò àti ajàgùngbalẹ̀ kò yàtọ̀. Ojú ìwé kan náà ló máa bá: ìpolówó ọlọ́kan-ò-jọ̀kan, àti àkọlé kan lókè pé orúkọ yìí wà fún títà. N'Ìbàdàn ńkọ́, "ilé yìí kì í ṣe títà" là ń kọ sára ògiri, kí oníjìbìtì má baà tà á lẹ́yìn wa. Ìka kan tó tọ epo ló ń ran ìyókù lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ò rò pé gbogbo ẹ̀gàn náà jẹ́ ìrẹ́jẹ. Àwọn oníṣòwò náà fẹ́ràn láti máa wí pé "àwa la kọ́kọ́ dé" bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀, òun náà sì ni ajàgùngbalẹ̀ ń wí. Wọn ò lè máa fi ọ̀rọ̀ kan náà gbèjà ara wọn, kí wọ́n tún máa bínú pé wọ́n kà wọ́n mọ́ra.

Ajàgùngbalẹ̀ gidi rèé. Ní 1995, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Dennis Toeppen, gba panavision.com. Panavision ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kámẹ́rà fíìmù. Nígbà tí wọ́n kọ̀wé sí i, ó ní kí wọ́n san 13,000 dọ́là. Kó lè dà bíi pé ó ń fi í ṣe nǹkan, àwòrán ìlú kan tó ń jẹ́ Pana, ní ìpínlẹ̀ Illinois, ló kó sójú ìwé náà! Ní 1998, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá Panavision láre. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ICANN, àjọ tó ń ṣàkóso orúkọ ìkànnì lágbàáyé, gbé ìlànà UDRP jáde, kí ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ má baà máa dé ilé ẹjọ́ nígbà gbogbo. Ẹni tó bá fẹ́ gba orúkọ lábẹ́ ìlànà yìí gbọ́dọ̀ fi hàn pé orúkọ náà jọ àmì ọjà (trademark) òun débi tó lè ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà, pé ẹni tó mú un kò ní ẹ̀tọ́ kankan sí i, àti pé inú burúkú ló fi gbà á, inú burúkú náà ló sì fi ń lò ó. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú rẹ̀, ẹjọ́ ti já.

Ọ̀ràn tó tako ti Panavision náà wà. Uzi Nissan ń ta kọ̀ǹpútà ní North Carolina. Orúkọ ìdílé rẹ̀ ni Nissan, ó sì gba nissan.com ní 1994. Ní 1999, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Nissan pè é lẹ́jọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi fà á, owó lọ́yà fẹ́rẹ̀ẹ́ run ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n orúkọ kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi kú ní 2020. Ẹ̀yin ẹ wò ó: òun ló jókòó sí abà, orúkọ bàbá rẹ̀ ló ń jẹ́, ọlọ́lá tó dé lẹ́yìn kò sì fẹ́ kí i. Níbẹ̀ ni òwe náà ti bá ibi tó yẹ ẹ́ pàdé. Nítorí irú ìfiagbáragbà bẹ́ẹ̀ ni ìlànà UDRP ṣe fún àwọn onídàájọ́ láṣẹ láti kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé olùpẹ̀jọ́ fúnra rẹ̀ ló fẹ́ jí orúkọ gbé.

Tiyín wá ńkọ́? Ohun tí mo máa kọ́kọ́ béèrè ni bí orúkọ náà ṣe rí. Bó bá jẹ́ Àdùkẹ́ tàbí Àbẹ̀kẹ́ nìkan ni, ẹ gbà fún Ọlọ́run. Oríkì gbogbo ilé Yorùbá ni, a ò lè ka ẹni tó ń jẹ́ ẹ láàárín Òjé sí Bẹẹrẹ tán, ẹnikẹ́ni ló lè gbà á. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ oríkì náà pẹ̀lú orúkọ ọjà yín, bó ṣe wà lára sáìnbọ́ọ̀dù gẹ́lẹ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ọmọ yẹn kò lè ní òun kò mọ̀ yín. Abẹ́ sáìnbọ́ọ̀dù yẹn ló ti ń ya àwòrán, owó yín ló ń gbà. Ìgbà tó gba orúkọ náà àti ohun tó mọ̀ nígbà yẹn ni gbogbo ẹjọ́ náà rọ̀ mọ́. Ká ní ó ti gbà á kí ẹ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ni, ẹ ò ní ẹjọ́ kankan.

Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 ní Nàìjíríà dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ yìí ní abala 25: ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún méjì, tàbí owó ìtanràn tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà, tàbí méjèèjì. Ohun méjì wà tí òfin náà ní kí adájọ́ wò bó bá fẹ́ fìyà jẹni: bóyá ẹni náà kọ̀ láti fi orúkọ sílẹ̀ lẹ́yìn tí olórúkọ ti béèrè rẹ̀ bó ṣe yẹ, àti bóyá ó fẹ́ gba owó kó tó fi sílẹ̀. Ọmọ yẹn ti ṣe ìkejì. Ìyẹn lẹ ṣe gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí i, kí ẹ fi déètì sí i, kí ẹ̀dà sì wà lọ́wọ́ yín. Ariwo ojú ọjà kò tó ẹ̀rí.

UDRP ṣì wà o, àmọ́ ó wọ́n. Ní WIPO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àmì ọjà àti iṣẹ́ ọpọlọ, níbi tí ọ̀pọ̀ ń gbé ẹjọ́ náà lọ, 1,500 dọ́là ni owó ìpẹ̀jọ́ lọ́dọ̀ onídàájọ́ kan, wọn kò sì ń dá owó ìtanràn fúnni. Kí wọ́n gbé orúkọ fún yín tàbí kí wọ́n pa á rẹ́ ni. Àwọn ajàgùngbalẹ̀ mọ èyí dunjú. Ìdí nìyẹn tí owó tí ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè kì í fi í tó owó ẹjọ́, kó lè dà bí ẹni pé ó sàn kéèyàn san án. Bí ẹ bá ṣe 400,000 náírà sí dọ́là, ẹ ó rí i pé ọmọ náà mọ ìṣirò.

Bóyá ẹ ó pẹjọ́, bóyá ẹ ò ní í pè é, ẹ kó ẹ̀rí jọ báyìí: rìsíìtì àtijọ́, àwòrán sáìnbọ́ọ̀dù, ọjọ́ tí ẹ ṣí ojúlé Facebook, ọ̀rọ̀ WhatsApp tó fi béèrè owó. Ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, nìkan kò sọ orúkọ di àmì ọjà. Ọ́fíìsì àmì ọjà ní Àbújá ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn, ẹ sì wá lọ́yà tó mọ̀ ọ́n. Bí orúkọ yín pẹ̀lú .com.ng bá ṣì wà nílẹ̀, ẹ gbà á lónìí, kí ẹ sì fi nọ́ńbà àti ímeèlì tiyín sí i, ẹ má fi ti ẹni tó ń bá yín ṣe é. Kí ẹnìkan nínú ilé yín wo ọjọ́ tí owó ọdún .com yẹn máa tán, kò pamọ́. Bí ọmọkùnrin náà kò bá san án, kì í bọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó lè tó oṣù méjì ààbọ̀ kí ẹlòmíràn tó lè gbà á, nítorí náà kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.