Mo ń ṣe yógà, kí ló dé tí mo ṣì ń jágbe mọ́ ọmọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́. Ó ti tó oṣù 6 tí mo ti ń ṣe yógà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 40 láàárọ̀, kí n tó jáde nílé. Ara mi ti rọ̀, ẹ̀yìn tó ń dùn mí tẹ́lẹ̀ ti fúyẹ́. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sán tó pọ́n, mo ti jágbe mọ́ ọmọ, mo ti fi ìbínú dá ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ lóhùn. Bí mo bá sì ní kí n jókòó jẹ́ẹ́ kí n fi ara balẹ̀ ronú, ńṣe ni ọkàn mi ń sá káàkiri. Ṣé yógà ọ̀hún kò bá mi mu ni, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ́ bí ẹ bá ti ń ká ẹní yín nílẹ̀, yógà náà lẹ ń ká mọ́ ọn.

Kí n kọ́kọ́ mú ti ọkàn tó ń sá kiri kúrò ńlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àṣàrò ni kí inú orí dá páropáro. Orí ta ló ń dá bẹ́ẹ̀? Ẹ ní kí ẹ máa ka èémí yín. Kí ẹ tó ka mẹ́rin, ẹ ti ń ronú ẹni tó jẹ yín lówó. Nígbà tó yá, ẹ rántí pé èémí lẹ ń kà, ẹ padà sídìí rẹ̀. Pípadà yẹn gan-an niṣẹ́. Bí ọkàn bá sá lọ nígbà 20, tí ẹ sì fà á padà nígbà 20, iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe yẹn. Ẹni tó ń gbé irin kí apá rẹ̀ lè le kì í torí pé irin tún wálẹ̀ sọ pé òun kò gbé e.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló ká mi lára jù. Patanjali, ará Íńdíà ayé àtijọ́ tí àwa olùkọ́ yógà máa ń tọ́ka sí, pín yógà sí ọ̀nà 8. Asana, ìyẹn ìdúró àti ìjókòó tí ẹ ń fi ara ṣe lórí ẹní, ìkẹta ni. Ohun tó ní kó jẹ́ kò sì pọ̀: kó fẹsẹ̀ múlẹ̀, kó rọni lọ́rùn. Bí èèyàn ṣe ń bá ẹlòmíì gbé ló fi ṣíwájú, ohun àkọ́kọ́ tó sì kà níbẹ̀ ni pé ká má pa ẹnikẹ́ni lára. Ọmọ yẹn wà nínú yógà yín, kódà ó ṣáájú ẹní.

Èémí lẹ máa mú kúrò lórí ẹní bọ́ síta. Bí a bá ń mí sínú, ọkàn-àyà máa ń yára díẹ̀. Bí a bá ń mí síta, á rọra. Iṣan kan tó ti ọpọlọ sọ̀kalẹ̀ dé àyà àti ikùn, tí àwọn dókítà ń pè ní vagus, lọ́wọ́ sí i. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí mímí síta gùn ju mímí sínú lọ: ẹ ka 4 wọlé, ẹ ka 6 jáde. Ẹ má há èémí mọ́ra, pàápàá bí ẹ̀jẹ̀ yín bá máa ń ru. Bí òòyì bá fẹ́ kọ́ yín, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ mí bí ẹ ṣe máa ń mí.

Ìgbà wo lẹ máa ṣe é? Ẹ so ó mọ́ ohun kan tí ẹ ti ń ṣe lójoojúmọ́. Tèmi ni fóònù. Mo ti kọ́ni lọ́dún bíi mélòó kan kí n tó mọ̀ pé eyín òkè àti tìsàlẹ̀ mi máa ń le mọ́ra wọn bí mo bá ń tẹ èsì fún ẹni tó bí mi nínú. Olùkọ́ yógà o! Ní báyìí, bí fóònù bá dún, mo máa ń jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀mejì, kí n mí síta, kí n tú àgbọ̀n sílẹ̀, kí n tó gbé e. Tiyín lè jẹ́ ìgbà tí ọwọ́ yín bá kan ìlẹ̀kùn yàrá ọmọ. Ẹ mú ẹyọ kan péré. Ẹni tó bá mú márùn-ún kì í rántí ọ̀kan.

Lálẹ́, ẹ kọ ìlà mẹ́ta sínú ìwé: kí ló ṣẹlẹ̀, aago mélòó ni, ibo ló ti kọ́kọ́ hàn lára? Ẹ má sọ ìwé náà di ilé ẹjọ́. Bí àpẹẹrẹ: "Aago 7:20. Ọmọ ń wá bàtà. Èjìká mi ti gun òkè kí n tó lanu." Ó tó bẹ́ẹ̀. Bí jíjókòó jẹ́ẹ́ bá ń gbé ẹ̀rù ńlá tàbí ìrántí burúkú wá, ẹ lajú, ẹ dìde, ẹ rìn, kí ẹ sì wá dókítà tàbí olùgbaninímọ̀ràn rí.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ka ìwé náà látòkè délẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé ìṣẹ́jú bíi 15 kan náà ni gbogbo ìjágbe náà ń bọ́ sí, àti pé ìkánjú ló ń fà á, kì í ṣe ọmọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dín ìṣẹ́jú 40 ti àárọ̀ yẹn kù sí 25, kí ẹ fi ìyókù bá ọmọ wá bàtà.