Ewé tábà "àwọn Amish" kò ní kẹ́míkà: ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Wọ́n ní àwọn Amish, ìjọ Kristẹni kan ní Amẹ́ríkà tó ń gbé ìgbé ayé àtijọ́, ń gbin tábà, wọ́n ń mu ún, síbẹ̀ jẹjẹrẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ bá wọn jà. Ṣé kẹ́míkà iléeṣẹ́ sìgá kọ́ ló ń pani? Bàbá mi fẹ́ fi sìgá sílẹ̀, kí wọ́n máa fi ìkòkò mu ewé tábà lásán.

Ìdáhùn: Ẹ má jẹ́ kí bàbá dán an wò. Ìjọ Amish kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀: àwọn Swartzentruber gba tábà láàyè, àwọn New Order kà á léèwọ̀. Àwọn obìnrin wọn kì í sì í sábà fẹnu kàn án. Ìwádìí kan tó jáde ní 2010 rí i pé jẹjẹrẹ tó tan mọ́ tábà láàárín àwọn Amish ìpínlẹ̀ Ohio kò tó ìdajì ti àwọn ará ìpínlẹ̀ náà yòókù. Àwọn tó ń mu ún ni kò pọ̀. Ẹ má wá oore kankan lára ewé.

Kẹ́míkà tí ẹ ń sá fún, inú ewé ló wà. Gbòǹgbò tábà ló ń ṣe nicotine, èròjà tó ń sọ tábà di bárakú, ó fi ń lé kòkòrò. Ní Lancaster County, Pennsylvania, bí tábà bá ti fẹ́ yọ òdòdó, àgbẹ̀ Amish á gé orí rẹ̀. Ewé á ki, nicotine á pọ̀ sí i. Wọ́n á gé e nídìí, wọ́n á gún igi tábà 5 tàbí 6 mọ́ ọ̀pá kan, wọ́n á fi kọ́ sínú abà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Níbi tó ti ń gbẹ yẹn ni nitrosamine, tó ń fa jẹjẹrẹ, ti ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Ẹni tó bá tiẹ̀ fi ọwọ́ lásán kórè ewé tí ìrì rin, òòyì àti èébì lè kọ lù ú, torí nicotine ń gba awọ ara wọlé. (Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Amish náà ń fọ́n oògùn kòkòrò sóko, ẹ jọ̀ọ́.)

Bí iná bá wá kàn án, ọ̀dà àti carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró, dé nìyẹn, ìbáà ṣe nínú ìkòkò tàbí nínú bébà. Ẹni tí sìgá ti mọ́ lára á ṣì máa fa èéfín ìkòkò wọnú ẹ̀dọ̀fóró bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Aáṣáà ńkọ́? Káún tí wọ́n ń lọ̀ mọ́ ọn ló ń jẹ́ kí nicotine tètè wọlé.

N kò yẹ bàbá wò, nítorí náà n kò ní dárúkọ oògùn. Kí wọ́n lọ bá dókítà fún ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara tàbí èyí tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu láti fi jáwọ́, kí wọ́n sì sọ fún un bí àìsàn ọkàn bá wà. Bí egbò tàbí àmì funfun bá wà lẹ́nu wọn ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, ọ̀dọ̀ dókítà eyín ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé wọn lọ.