Kí Ni Wọ́n Ń Gbé Sárà Dúdú Lọ Ṣe Létí Òkun?

Ìbéèrè náà lọ báyìí: kí ni ìtumọ̀ àṣà tí àwọn Roma, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Jípsì, fi ń gbé ère obìnrin dúdú kan tó ń jẹ́ Sárà wọ inú òkun lọ́dọọdún ní ìlú Saintes-Maries-de-la-Mer ní ilẹ̀ Faransé? Ṣé ẹbọ òkun ni, irú èyí tí wọ́n ń rú sí Yemọja ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì?

Kì í ṣe ẹbọ òkun. Ní Bahia, wọ́n a máa kó òdòdó àti lọ́fínńdà sínú ọkọ̀, wọ́n á sì fi í fún omi. Ṣùgbọ́n ní ti Sárà, wọn kì í fi í sílẹ̀ fún òkun, wọ́n á gbé e dé inú omi, wọ́n á sì gbé e padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lójú tèmi, nínú lílọ àti bíbọ̀ yẹn ni ìtumọ̀ àṣà náà wà: Sárà lọ pàdé àlejò ni.

Àlejò wo? Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn ará Provence, agbègbè gúúsù Faransé tí ìlú náà wà, sọ pé Màríà ìyá Jákọ́bù àti Sálómè (tí wọ́n ń pè ní Màríà pẹ̀lú), àwọn tí Máàkù 16:1 kà mọ́ àwọn obìnrin tó ra tùràrí lọ síbi ibojì Jésù, ni àwọn ọ̀tá tì sójú omi nínú ọkọ̀ tí kò ní ìgbòkun, tí kò sì ní àjẹ̀, tí ìgbì fi gbé wọn gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ẹnu kò kò nípa Sárà. Àwọn kan ní ìránṣẹ́bìnrin wọn láti Íjíbítì ni. Àwọn mìíràn ní ọmọ Roma ni, tó ti ń gbé etíkun náà kí ọkọ̀ tó dé, tó sì jáde lọ kí wọn káàbọ̀. Ìtàn kejì yìí ni ààtò ọjọ́ náà bá mu jù. (Àwọn tó ń so orúkọ rẹ̀, Sara-la-Kali, mọ́ òrìṣà Kali ti Íńdíà ń yára jù: ní èdè Roma, “kali” kò ju “dúdú” lọ, bí a bá ń sọ̀rọ̀ abo.)

Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún, wọ́n á fi okùn sọ àpótí egungun àwọn Màríà kalẹ̀ láti yàrá òkè ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èrò á na àbẹ́là sókè, wọ́n á sì máa du àpótí náà fọwọ́ kàn. Lẹ́yìn náà ni Sárà á jáde láti yàrá abẹ́lẹ̀ tó ń gbé, pẹ̀lú ìpele aṣọ tí àwọn olùfọkànsìn fi bò ó. Àwọn gardian, àwọn darandaran màlúù dúdú nínú irà Camargue, a máa gun ẹṣin funfun sìn ín wọ omi, nítorí pé láàárín àbàtà, ọ̀sà àti oko ìrẹsì tí odò Rhône dá sílẹ̀ níbi tó ti ń ya wọ òkun, ẹṣin ni ẹsẹ̀ wọn láti ìgbà pípẹ́.

Ọdún 1448 ni Ọba René, tó ń ṣàkóso Provence nígbà náà, ní kí wọ́n wú ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n fi rí àwọn egungun náà. Ṣùgbọ́n ọdún 1935 péré ni ìrìn Sárà lọ sí òkun bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú akitiyan Folco de Baroncelli, ọ̀tọ̀kùlú tó fẹ́ràn àwọn Roma. Bó ti jẹ́ tuntun tó, ẹni tó tò ó mọ ìtàn náà dáadáa: ọjọ́ 25, lẹ́yìn tí Sárà ti ṣíwájú, ni àwọn Màríà méjèèjì tó dúró nínú ọkọ̀ kékeré wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sí òkun lórí èjìká àwọn ènìyàn.