Ìṣíjibò: òjìji ni, kì í ṣe ìjà

Ẹnì kan bi mí pé kí ni "ìṣíjibò" túmọ̀ sí gan-an, àti pé ṣé lóòótọ́ ni òṣùpá ń bá oòrùn jà lọ́jọ́ tí ọ̀sán bá dòru. Àlàyé tí wọ́n ṣe fún un ni pé ìjà ni, àti pé ìjà yẹn náà ló ń bu òṣùpá jẹ tó fi máa ń ṣẹ́kù bí èékánná lóṣooṣù. Inú bí mi. Àgbàlagbà ló jókòó tó ń sọ bẹ́ẹ̀ fọ́mọdé!

Ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: ṣíji bò. Létí tèmi, òjìji àti ibòòji ló ń dún nínú rẹ̀, ó sì ti ṣàlàyé tán kí olùkọ́ kankan tó dé. Òjìji ohun kan ló bọ́ sórí ohun mìíràn. Kí ẹ kàn bèèrè pé òjìji ta ni, orí ta ló sì bọ́ sí. Bí òṣùpá bá wà láàárín àwa àti oòrùn, òjìji òṣùpá á bọ́ sórí ilẹ̀ ayé, oòrùn á sì ṣókùnkùn mọ́ wa lójú. Bó bá jẹ́ pé ayé ló wà láàárín, òjìji ayé á bọ́ sórí òṣùpá. Ìjà wo ló wà níbẹ̀? Òṣùpá fi nǹkan bíi 384,400 kìlómítà jìnnà sí wa, oòrùn fi bíi mílíọ̀nù 150 kìlómítà. Oòrùn fẹ̀ ju òṣùpá lọ ní bí ìlọ́po 400, ó sì tún jìnnà jù ú lọ ní bí ìlọ́po 400. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dọ́gba lójú wa, tí kékeré fi lè bo ńlá.

Òṣùpá tó dà bí èékánná kò kan òjìji ayé rárá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí oòrùn tàn sí là ń rí díẹ̀ nínú rẹ̀. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, nítòsí ibi tí oòrùn wọ̀ sí la ti máa ń rí i. Òjìji ayé ńkọ́? Òdìkejì oòrùn ló wà! Alẹ́ òṣùpá àrànmọ́jú nìkan ló lè bá òṣùpá, torí alẹ́ yẹn ni òṣùpá máa ń yọ ní ìlà oòrùn bí oòrùn bá ti ń wọ̀. Ẹni tó sọ ọ́ ní àrànmọ́jú ti jókòó wò ó títí ilẹ̀ fi mọ́. Àwa ń fi fóònù yà á, a ò sì mọ ìhà tó ń gbà yọ. Ó ń dùn mí.

Nígbà kan, mo gbé fìtílà sí yàrá tó ṣókùnkùn, mo fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní bọ́ọ̀lù funfun kékeré. Mo ní kó na ọwọ́, kó máa yí po lójú kan. Bó bá kọjú sí fìtílà, bọ́ọ̀lù á bo iná mọ́ ọn lójú. Bó bá kẹ̀yìn sí i, òjìji orí rẹ̀ á bo bọ́ọ̀lù. Ó yí po lẹ́ẹ̀mẹta, ó dúró, ó ní: "Àǹtí, ṣebí oṣooṣù ló yẹ kó máa ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn?"

Òwe ni mo fi dá a lóhùn: òṣùpá lé, wọ́n ní kò gún, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o, kó tún un ṣe. Mo mọ̀ pé alárìíwísí tí kò lè ṣe ju ẹnu lọ ni òwe náà ń bá wí, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ọ̀rọ̀ tó bá ọ̀ràn yìí mu tó "kò gún." Ọ̀nà tí òṣùpá ń tọ̀ kò gún pẹ̀lú ọ̀nà tí ayé ń tọ̀ yí oòrùn ká, ó fi bíi dígírì 5 dagẹ̀rẹ̀. Mo di ọwọ́ ọmọ náà mú, mo gbé e sókè díẹ̀ lẹ́yìn, mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ níwájú. Ó tún yí po. Òjìji orí rẹ̀ gba abẹ́ bọ́ọ̀lù kọjá, kò kàn án. Bí oṣù tó pọ̀ jù ṣe máa ń rí nìyẹn. Àfi bí òṣùpá bá ń ré ọ̀nà ayé kọjá lásìkò tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò sórí ìlà kan. Síbẹ̀, ìṣíjibò oòrùn kì í dín ní méjì lọ́dún lágbàáyé. Ibi tó ti ń hàn ló yàtọ̀.

Ti òṣùpá tó ń pọ́n bí òjìji ayé bá bò ó kò gba àlàyé púpọ̀: afẹ́fẹ́ tó yí ayé ká ló ń tẹ ìmọ́lẹ̀ oòrùn, pupa inú rẹ̀ ló sì ń dé ibẹ̀. Ìyẹn, ẹ wò ó bó ṣe wù yín. Ti oòrùn, ẹ má fi ojú lásán wò ó. Ó ń jó ẹyinjú láìdunni.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 2027, òjìji òṣùpá yóò gba gúúsù Spain àti Mòrókò kọjá lọ sí Íjíbítì, níbi tí òkùnkùn yóò ti lé ní ìṣẹ́jú 6. Ẹni tó bá wà níbi tí oòrùn ti bò lápá kan, kó lọ sábẹ́ igi eléwé, kó wolẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ róbótó róbótó tó máa ń gba àárín ewé já sílẹ̀ yóò ti di èékánná, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, gbogbo wọn á kọjú síbì kan náà.