Tíì àti Oògùn Ẹ̀jẹ̀: Ìdáhùn fún Òǹkàwé Wa ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó, ó sì fún wọn ní oògùn ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi tíì àti búrẹ́dì lò láràárọ̀. Wọ́n tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn kan lọ́jà Ọba ní Adó sì ní tíì aláwọ̀ ewé ń wò ó. Ṣé kí n rà á fún wọn?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó náwó. Màmá lè máa mu tíì wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe fi lo oògùn ẹ̀jẹ̀ mọ́, láti ọ̀la lọ.

Àwọn èròjà pólífẹ́nọ́ọ̀lù inú tíì, tó ń mú ahọ́n gbẹ bí tíì bá ki, máa ń so mọ́ irin, èròjà inú oògùn náà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ara kò sì ní rí i gbà dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ fojú rí i, ẹ lọ hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ kan sínú tíì tí kò ní mílíìkì: yóò dúdú bíi tàdáwà. (Ẹ dà á nù o, kí ẹnikẹ́ni má mu ún.) Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 1999, tó jẹ́ pé búrẹ́dì gan-an ni oúnjẹ tí wọ́n fi dán an wò, tíì dúdú dín irin tí ara ń gbà kù ní ìdá 79 sí 94 nínú 100, mílíìkì tí wọ́n bù sí i kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí i padà. Irin inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ló kàn jù, kì í ṣe ti inú ẹran. Nítorí náà, ẹni tó jẹ iyán pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tí ẹran rẹ̀ kò tó nǹkan, tó wá mu tíì lé e lórí, ló ń pàdánù jù.

Kí màmá fi omi tàbí omi ọsàn lo oògùn náà, nítorí fítámì C inú ọsàn ń ran irin lọ́wọ́. Ìwádìí kan ní 2017 fi hàn pé bí tíì bá dúró di wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ, ìdíwọ́ náà máa ń dín kù dé nǹkan bí ìdajì. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kéré dúró di wákàtí méjì.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, tíì ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ náà kéré: nínú àwọn ìdánwò tí wọ́n ti ṣe, nǹkan bíi 2 sí 3 ló ń yọ nínú nọ́ńbà òkè. Bí ti màmá bá jẹ́ 160, yóò di 157 tàbí 158, ìyẹn kò sì tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ fi oògùn sílẹ̀. Ewé igi kan náà ni tíì dúdú àti tíì aláwọ̀ ewé, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe wọ́n ló yàtọ̀. Èyí tí màmá ń mu tẹ́lẹ̀ tó. Kápúsù tíì aláwọ̀ ewé ni kí ẹ má rà rárá: ní 2018, àjọ tó ń mójú tó ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù kìlọ̀ pé mílígíráàmù 800 EGCG (ọ̀kan nínú àwọn pólífẹ́nọ́ọ̀lù inú tíì aláwọ̀ ewé) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ láti inú irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè pa ẹ̀dọ̀ lára.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi dókítà léèrè ohun tó fa àìtó ẹ̀jẹ̀ náà gan-an. Bí màmá bá ń lo oògùn ara ríro déédéé, ẹ sọ fún un, nítorí àwọn kan nínú wọn lè mú kí inú máa ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.